Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní ‘Nọ́ọ̀sì’: ṣé kó má dáhùn ni?

Ìbéèrè:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò mi obìnrin jáde ní Health Tech, ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, níbí ní Àkúrẹ́. CHEW (Community Health Extension Worker) ni, òṣìṣẹ́ ìlera tó ń bá aráàlú ṣiṣẹ́ ládùúgbò. Ilé ìwòsàn alábọ́dé kan lọ́nà Ọ̀bá-Ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Nọ́ọ̀sì, òun náà sì ti kọ ‘Nọ́ọ̀sì’ ṣáájú orúkọ rẹ̀ lórí WhatsApp. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, a jọ wà níbi ìsọmọlórúkọ kan. Ẹni tó mú máíìkì lọ́wọ́ ní kí ‘Nọ́ọ̀sì wa’ wá gbàdúrà fún ọmọ. Bó ṣe dìde báyìí ni ọ̀rẹ́ mi kan, tí òun jẹ́ nọ́ọ̀sì oníwèé-ẹ̀rí, pariwo láti ìdí tábìlì pé, ‘Nọ́ọ̀sì wo? CHEW lásánlàsàn!’ Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi sunkún dé ilé. N kò tíì bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà. Ta ló jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì?

*

Kí n kọ́kọ́ tú ara mi fó kí ẹlòmíì tó tú mi fó. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo tún jẹ́ agbẹ̀bí. School of Nursing Àkúrẹ́ ni mo ti jáde, nígbà tí a ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. CHEW sì ni ìyá tó bí mi. Owó CHEW ni wọ́n fi san owó ilé ìwé nọ́ọ̀sì fún mi, nítorí náà kò sí èyí tí mo lè bú nínú méjèèjì kí n sì sùn dáadáa.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Ọ̀rẹ́ yín jẹ̀bi ti ibi ìsọmọlórúkọ. Àbúrò yín jẹ̀bi ti WhatsApp. Ẹ̀ṣẹ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra, ọ̀kan kò sì pa èkejì rẹ́.

Ẹni tó mú máíìkì kò jẹ̀bi nǹkan kan. Ohun tó rí ló pè. Ó rí ẹni tó ń wọ aṣọ funfun, tó ń gún àwọn ọmọ àdúgbò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí lẹ tún fẹ́ kó pè é? Ti WhatsApp ni kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mú orúkọ náà, tó fi lé ara rẹ̀ lórí.

*

Mo rí i pé ẹnìkan ti bi mí lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí pé kí ni gbogbo ariwo yìí wà fún. Ó ní ọdún mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì lò, ọdún mẹ́ta náà ni CHEW lò, ká yé fi ọ̀rọ̀ ìgbéraga da ilé rú.

Òótọ́ ni ti ọdún mẹ́ta, nígbà tiwa. Télọ̀ náà lè lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, kí mẹkáníìkì lo ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ kò ní gbé ọkọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ télọ̀.

Bí a ṣe ń dúró ti aláìsàn ni wọ́n ń kọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ẹni tí èémí rẹ̀ kò délẹ̀. Òru ni, dókítà ti lọ fẹ̀yìn lélẹ̀, ìwọ nìkan lo jókòó tì í, ìwọ lo gbọ́dọ̀ mọ̀ pé mímí tó ń mí yìí kì í ṣe irú èyí tó mí ní wákàtí kan sẹ́yìn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta yẹn, ẹni tó bá fẹ́ di agbẹ̀bí nígbà tiwa tún máa ń fi ọdún kan ààbọ̀ lé e. Àwọn tó gba yunifásítì lọ, irú UNIMED ní Oǹdó, ọdún márùn-ún ni tiwọn. Gbogbo wa la jọ ń ṣe ìdánwò Nursing and Midwifery Council, àjọ tí òfin 1979 gbé kalẹ̀. Inú ìwé rẹ̀ ni orúkọ wa wà, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta la sì ń tún láísẹ́ǹsì gbà. Òfin yẹn kan náà ló ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé náà kò gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì.

Ohun mìíràn ni CHEW ń kọ́. Òfin 1992 ló gbé àjọ tiwọn kalẹ̀, wọ́n ní ìwé orúkọ tiwọn, wọ́n ní láísẹ́ǹsì tiwọn. Ìgboro àti abúlé ni wọ́ọ̀dù wọn. Wọ́n ń wá ọmọ tí kò tíì gba àjẹsára láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń wo aboyún, wọ́n ń béèrè ibi tí ẹ ti ń pọn omi àti ibi tí ẹ ń yàgbẹ́ sí. Tí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ìwé kan wà tó ń jẹ́ Standing Orders tó là á sílẹ̀ fún wọn. Ara ọmọ gbóná, ó ń mu ọyàn, kò gbọ̀n: ṣe báyìí. Ara ọmọ gbóná, kò mu ọyàn mọ́, gírì ti mú un: ohun tí o lè ṣe kó tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ rèé, tètè kọ̀wé fún un kó máa lọ sí ọsibítù.

Ẹ má wá rò pé ẹni tó mọ iṣẹ́ wọ́ọ̀dù ló mọ ìyẹn náà. Ọdún tí mo kọ́kọ́ bá wọn lọ fún àjẹsára lóko, mo jókòó sábẹ́ igi mo ń retí àwọn ìyá ọlọ́mọ bí ẹní jókòó sí kílíníìkì. Títí di ọ̀sán, ọmọ mẹ́rin ló wá. CHEW kan tí kò tó mi lọ́jọ́ orí ní, ‘Àǹtí, oko ni wọ́n wà, wọn kò ní wá, àwa la máa lọ.’ Ogójì ọmọ ó lé la rí kí oòrùn tó wọ̀.

*

Ìyá mi.

Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti tó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìyẹn gbé ètò ìlera alábọ́dé kalẹ̀ káàkiri ni iṣẹ́ wọn wá di púpọ̀. Àwọn ahéré inú oko kòkó lẹ́yìn Ìdànrè ni àgbègbè tirẹ̀. Ọ̀kadà á gbé e dé ibi tí ọ̀nà mọ, á fi ẹsẹ̀ rin ìyókù, kúlà àjẹsára á wà léjìká rẹ̀ ọ̀tún, báàgì á wà lósì.

Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìgbà ìsinmi kan, bóyá mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nígbà tí wọ́n gbé ọkùnrin kan dé tí àdá ti sá lójúgun. Ó ń já kòkó ni. Ó ní, ‘Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí.’ Ìyá mi ní, ‘Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o, òṣìṣẹ́ ìlera ni mí.’ Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ìyá mi, ó ní, ‘Ṣé òṣìṣẹ́ ìlera kì í di egbò ni?’

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó bu omi sínú bàsíà. N kò gbọ́ kó tún ṣàtúnṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹní bá ní Nọ́ọ̀sì, á ní ‘ẹ ń lẹ́ o’.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ó fọ egbò náà tán, ó rí i pé ó jìn, ohun funfun kan ń hàn nínú rẹ̀. Ó tú ìwé rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rá búrẹ́dì tó fi ń wé e nítorí òjò, ó ṣí i, ó fi ìka tọ ìlà kan, ó pa á dé. Ó di egbò náà le dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà mọ́, ó kọ ìwé pélébé, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó rán egbò náà, òun kò lówó ọsibítù, ṣebí nọ́ọ̀sì ni. Ìyá mi ní, ‘Ìwé mi kò dé ibẹ̀.’

Odindi ọgbọ̀n ọdún ló fi jẹ́ ‘Nọ́ọ̀sì’ lẹ́nu àwọn èèyàn yẹn. N kò rò pé ó purọ́ fún ẹnì kankan nínú wọn.

*

‘Nígbà náà, kí lẹ wá ń bá ọmọ ọlọ́mọ wí fún?’

Ẹ dúró ná. N ó padà wá síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti èdè, nítorí mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Yorùbá kì í pe àgbàlagbà lórúkọ lásán, bẹ́ẹ̀ ni a kì í dédé pe ẹni tó ń tọ́jú wa ní ‘ìwọ’. Ẹni tó bá wọ ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ rí nǹkan pe ẹni tó bá níbẹ̀. Ṣé kó ní ‘Ẹ káàárọ̀ o, CHEW’ ni? Ìyẹn kò dún bí orúkọ èèyàn. Nọ́ọ̀sì dún. Dókítà dún. Àwọn tó ń wo ẹ̀jẹ̀ níbi ayẹ̀wò, Dókítà là ń pè wọ́n. Ẹni tó ń gba káàdì, Nọ́ọ̀sì. Mo mọ ìyá kan tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù, tí àwọn aláìsàn ń pè ní Nọ́ọ̀sì Àgbà nítorí pé ó ti darúgbó, ó sì ń wọ aṣọ aláwọ̀ ewé.

Àwọn bàbá wa mọ orúkọ í fún èèyàn jù wá lọ. Nígbà tí ìjọba òyìnbó rán àwọn tó ń yẹ ìkòkò omi àti ẹ̀yìnkùlé wò wá, wọ́n kò jókòó máa ronú lórí orúkọ gẹ̀ẹ́sì wọn. Wọ́n sọ wọ́n ní wolé-wolé, ó tán. Kò sí wolé-wolé tí ẹnikẹ́ni tíì ṣì pè ní dókítà. Àwa ni a gba àwọn CHEW láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn tí a kò fún wọn lórúkọ.

Ìgbà kan wà tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ní 2009 tí ìjọba Mimiko, gómìnà Oǹdó nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú aboyún tí wọ́n pè ní Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, wọ́n pín àwọn aboyún fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń gun alùpùpù kiri, wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù kí wọ́n lè máa pè wọ́n. Health ranger ni wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ yẹn. Orúkọ náà wọ̀ wọ́n. Àwọn aboyún tí mo bá pàdé nígbà yẹn á ní ‘ranger mi ló ní kí n wá’, wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú àwọn CHEW tó ṣe iṣẹ́ yẹn ń dùn sí i, ẹnikẹ́ni kò sì rántí pé òun fẹ́ jẹ́ nọ́ọ̀sì.

*

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ ‘wọ́n ti gba iṣẹ́ wa tán’ lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Kí ni wọ́n ń pe àwọn nọ́ọ̀sì ọkùnrin wa?

Nọ́ọ̀sì ni ọkọ mi. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣiṣẹ́ ní apá Àkókó, Dókítà ni gbogbo ìlú ń pè é. Wọ́n á gbé iṣu wá fún Dókítà, wọ́n á gbé àkùkọ wá fún Dókítà lọ́dún. Mo bi í pé ṣé ó máa ń ṣàlàyé fún wọn. Ó ní àwọn tó gbé iṣu wá máa ń kánjú.

Ó jẹ àwọn iṣu yẹn. Èmi náà bá a jẹ ẹ́.

*

Ó dára, ẹ jẹ́ ká wọ inú ọ̀rọ̀, nítorí CHEW kọ́ ni ìṣòro tó ga jù nínú orúkọ yìí. CHEW ní ìwé, ó ní àjọ, ó ní ibi tí ẹ ti lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Àwọn tí wọn kò ní nǹkan kan ńkọ́?

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, mo ń ṣe iṣẹ́ òru ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ní ọsibítù aládàáni kan ní Àkúrẹ́ yìí, n kò ní sọ ibi tó wà. Alẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n gbé ọmọ kan dé tí ibà ti mú kọjá ààlà, kò lè jókòó. Dókítà kọ artesunate, abẹ́rẹ́ ibà líle, sílẹ̀, ó kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Mo wẹ ọwọ́ dé, mo rí ọmọbìnrin kan tó ń po abẹ́rẹ́ náà. Aṣọ funfun, bẹ́líìtì, báàjì tí wọ́n kọ ‘Nurse’ sí gàdàgbà. Kò ju ọmọ ogún ọdún lọ.

Ẹni tó bá mọ artesunate mọ̀ pé inú páálí kan náà ni ìgò ìyẹ̀fun funfun àti ìgò omi bíńtín kan wà. Omi bíńtín yẹn lo máa kọ́kọ́ fi po ìyẹ̀fun náà, kó yòrò pátápátá, kó mọ́ bí omi ẹ̀rọ, kó tó di pé o fi omi dírípù là á. Ọmọ yìí ti ju ìgò kékeré náà sí apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Ó rò pé ẹ̀bùn ni. Omi dírípù ló fà tààrà sínú ìyẹ̀fun. Mo ní, ‘Kílò mélòó ni ọmọ náà?’ Ó wò mí. Wọn kò wọ̀n ọ́n. Ọmọ tí kò tó ogún kílò àti èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ̀n artesunate tí wọ́n ń gbà fún kílò kọ̀ọ̀kan kò dọ́gba, 3 mg ni ti àkọ́kọ́, 2.4 mg ni ti èkejì.

Mo ní, ‘Ta ló kọ́ ẹ?’

‘Àǹtí tó wà níbí tẹ́lẹ̀ ni, mà.’

‘Ta ló kọ́ àǹtí?’

Kò mọ̀.

Mo bínú sí i fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tó di ìdájí, tí ọmọ náà ti ń sùn, mo bi í nípa ara rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ló sanwó fún kí wọ́n tó kọ́ ọ ní ‘nọ́ọ̀sì’. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ni wọ́n ń san fún un lóṣù, òun náà ló sì ń fọ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá ló ra báàjì fún un. Ó rò pé tó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, òun á gba láísẹ́ǹsì.

Ìgbà náà ni ìbínú mi kúrò lórí rẹ̀, ó bá ọ̀gá lọ. Mo lọ bá a lọ́fíìsì. Mo ní àwọn èèyàn ń sanwó nọ́ọ̀sì, ẹ ń fún wọn ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó dá mi lóhùn pé, ‘Mátírọ́nì, mo gba nọ́ọ̀sì gidi mẹ́rin lọ́dún tó kọjá. Mẹ́ta ti gba fíísà. Ẹ̀yin gan-an, ṣé ẹ ó wá lójoojúmọ́?’

N kò lè wá lójoojúmọ́. Iye tó fẹ́ san kò tó owó ọkọ̀. Ìyẹn náà sì ni mo sọ fún un, a bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí owó, ọ̀rọ̀ báàjì sì sọnù síbẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fi ibẹ̀ sílẹ̀. Báàjì ṣì wà láyà ọmọ yẹn nígbà tí mo ń lọ.

*

Ẹnìkan ní, ‘Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì kàn ń fẹ́ iyì ni. Ẹni tó bá ti mọ abẹ́rẹ́ í gún ni nọ́ọ̀sì lójú tèmi.’

Mo ní aládùúgbò kan lọ́nà Ọdà tó ń ta ata. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì ààbọ̀, ní ibà. Ó gbé e lọ sí kẹ́mísì tó wà níwájú ilé. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ní ìdí. Ọmọ náà ké, èyí kò jọ ẹnikẹ́ni lójú, ọmọdé máa ń ké. Ní ọjọ́ kejì, ó fẹ́ rìn, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ nílẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbéra.

Iṣan ńlá kan gba ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Tí ẹ bá pín ìdí kan sí ọ̀nà mẹ́rin, igun òkè tó wà lápá òde ni ẹni tó kọ́ṣẹ́ máa ń gún, ọmọdé tó bá kéré, itan la ń gún un. Àwa tí a wà ní ọsibítù mọ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí a bá ti rí i lókèèrè. Ẹ wo àwọn ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ kan wọ́ kiri ládùúgbò yín, tí wọ́n ní ‘ibà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀’. Ibà kọ́ ló ṣe gbogbo wọn.

Mo bi aládùúgbò mi pé ta ló gún un. ‘Nọ́ọ̀sì ni.’ Nọ́ọ̀sì wo? ‘Nọ́ọ̀sì tó wà ní kẹ́mísì.’ A jọ lọ síbẹ̀. Ọmọbìnrin náà ti kúrò, ó ti lọ sí Èkó, wọn kò mọ ju orúkọ kan ṣoṣo tó ń jẹ́. Oníkẹ́mísì ní òun kò mọ̀ pé ó gún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ìwé àṣẹ tí wọ́n fún irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ kò fàyè gba abẹ́rẹ́ rárá.

Ní tèmi, ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ yìí já sí. Ká ní èmi ni mo gún ọmọ yẹn, ẹ ó wá mi rí. Orúkọ mi wà nínú ìwé, nọ́ńbà wà níwájú rẹ̀, àjọ náà lè pè mí wá jẹ́jọ́, ó lè pa orúkọ mi rẹ́. Tó bá jẹ́ àbúrò ẹni tó béèrè ìbéèrè yìí ni, àjọ tirẹ̀ lè ṣe bákan náà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè rí i tí ẹ bá ń wá a nínú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹ ó wá a títí, wọn á ní kò sírú ẹni bẹ́ẹ̀. Èyí ni mo ní sí WhatsApp rẹ̀. Ó ń gbé ara rẹ̀ pamọ́ sí ibi tí orúkọ rẹ̀ kò sí, bẹ́ẹ̀ kò ní ohun tó fẹ́ sá fún.

Ọmọ aládùúgbò mi ti ń lọ síbi tí wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un, ó ti ń gbé e díẹ̀díẹ̀.

*

Èyí kò ní pẹ́. Ẹni tó kọ̀wé láti London pé ‘ní ìlú òyìnbó, kò sẹ́ni tó jẹ́ pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì’: rárá o, ẹ̀gbọ́n. ‘Registered nurse’ ni òfin fi ààbò bò níbẹ̀. ‘Nurse’ lásán wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ mú un, ó di 2025 kí ìjọba wọn tó kéde pé àwọn fẹ́ ṣòfin lé e. Mo sì mọ àwọn ọmọ Àkúrẹ́ tó jẹ́ carer níbẹ̀, tí wọ́n ń wẹ̀ fún arúgbó, iṣẹ́ gidi ni, tí wọ́n ń ya fọ́tò sójú Facebook pé ‘Nurse on duty’. Tí wọ́n bá wálé ọdún Kérésì, àwa náà ni wọ́n ń fi fọ́nnu sí.

*

Ẹni tó béèrè ìbéèrè ti padà wá. Ó ní àbúrò òun ka gbogbo èyí, ó sì ní: ‘Ṣé kí n máa dá gbogbo aláìsàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n máa ní èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì ni?’

Rárá, àbúrò mi. Ìyá arúgbó tó ní ‘Nọ́ọ̀sì, ẹ kúuṣẹ́’, ẹ ní ‘a dúpẹ́, màmá’, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ. Kò bi yín léèrè nǹkan kan, ó kí yín ni.

Ṣùgbọ́n tí ó bá di inú ìwé, ohun tí ẹ jẹ́ ni kí ẹ kọ. Káàdì aláìsàn, ìwé tí ẹ fi ń rán èèyàn lọ sí ọsibítù, WhatsApp náà, kí ‘CHEW’ wà níbẹ̀ gedegbe. Nígbà tí ìwé bá dé ọ̀dọ̀ wa ní wọ́ọ̀dù, a fẹ́ mọ ẹni tó rí aláìsàn náà ṣáájú wa àti ohun tó lè ti ṣe fún un. Mo ti rí ìwé tí CHEW kọ tó gba ẹ̀mí là ní òru, ó kọ wákàtí tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó kọ iye ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fọwọ́ sí i lábẹ́ pé CHEW ni òun. Inú mi dùn sí ìwé yẹn ju ti dókítà mìíràn lọ.

Ibì kan tún wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dákẹ́ sí. Tí ẹnìkan bá fi orúkọ náà bẹ̀ yín kí ẹ ṣe ohun tí wọn kò kọ́ yín. ‘Ṣebí nọ́ọ̀sì ni yín, ẹ bá wa fa dírípù fún un nílé.’ ‘Ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ ìrọbí kó tètè bí.’ Èyí gan-an kì í ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì pàápàá ń dá ṣe nínú yàrá ẹlòmíì. Mo ti rí ilé ọmọ tó fà ya nítorí abẹ́rẹ́ ìrọbí tí wọ́n gún lábẹ́lé, n kò fẹ́ rí i mọ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹ kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ó máa ń ṣòro níbẹ̀, nítorí pé wọ́n ti ń yìn yín láti àárọ̀.

Ọ̀rẹ́ yín tó pariwo ńkọ́? Kó lọ bẹ ọmọ náà. Kì í ṣe lórí fóònù. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀, gbogbo ọsibítù aládàáni tí wọ́n ń gbé báàjì sí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ láyà ni kó lọ pariwo sí. Ó mọ̀ wọ́n. Mo lè fi gbogbo ara búra pé ó ti ṣe òru rí ní ọ̀kan nínú wọn, bí èmi náà ti ṣe.

*

Mo pe ìyá mi lánàá, mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fún un. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó wà nílé ní Ìdànrè, etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, mo ń ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé á sọ̀rọ̀ nípa orúkọ. Mo rò pé á dá ẹnìkan lẹ́bi.

Ó ní, ‘Ọmọ tí wọ́n ní kó gbàdúrà fún ńkọ́? Ṣé ó gbà á fún un ṣá kó tó sunkún lọ?’

N kò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ṣé ó gbà á?